Ta Ni Ń Jẹ́ ‘Wọ́n’?

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Èmi tí mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé láti ogún ọdún sẹ́yìn, tí àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì ti ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn, èmi náà ni mo jókòó ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kékeré kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2023, tí omidan kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ ń kọ́ mi bí a ṣe ń to fáìlì. Orúkọ mi gan-an ni ó ń pè, láìfi ‘ọ̀mọ̀wé’ tàbí ‘bàbá’ sí i, bí àṣà ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ kìíní, ara mi kò gbà á. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, mo ti gbàgbé. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í bínú sí ọ̀gá.

Ìsinmi ọlọ́dún kan tí yunifásítì máa ń fún àwa olùkọ́ láti fi ṣe ìwádìí ni mo gbà lọ. Inú ilé ìkàwé ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé n ó máa gbé, mo sì gbé ibẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin gbáko, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ṣí wá sí Ìlú Ọba láti ilẹ̀ òkèèrè ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo padà délé tí mo ròyìn, ọ̀jọ̀gbọ́n kan rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, ‘Ọ̀mọ̀wé, ṣé ibi tí ẹ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn, tí ẹ lọ di ọmọ-ọ̀dọ̀ lọ́yà?’ Mo bá a rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Èsì tí ó yẹ kí n fún un ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí.

Kí ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń ṣe níbẹ̀? Kò pọ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1999 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò ní àṣẹ láti máa gba àjèjì ní ìmọ̀ràn lórí ọ̀ràn ìwé ìgbélùú, ìbáà ṣe ọ̀fẹ́ ni ó ń ṣe é. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn gbájúẹ̀ tí ń gba owó lọ́wọ́ aláìmọ̀kan pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà, àwọn tiwa kò sì gbẹ́yìn nínú wọn. Nítorí náà n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ‘ṣe báyìí’ tàbí ‘má ṣe báyìí’. Mo ń po tíì, mo ń ṣe ẹ̀dà ìwé, mo ń to àwọn lẹ́tà tẹ̀lé ọjọ́ tí wọ́n kọ wọ́n. Bí ọmọ Yorùbá bá sì wọlé tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò délé, wọn a pè mí kí n wá jókòó sí àárín òun àti lọ́yà. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2013 ni ìjọba ibẹ̀ ti yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹjọ́ ìgbélùú kúrò nínú irú èyí tí wọ́n ń fi owó ìlú gba agbẹjọ́rò fún tálákà. Irú ọ́fíìsì tí mo wí yìí ni ó kù tí wọ́n ń sá tọ̀, ìlà a sì ti máa gùn lẹ́nu ọ̀nà kí a tó ṣílẹ̀kùn.

Obìnrin kan wọlé wá ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, mo sì ti yí àwọn ohun tí ènìyàn lè fi dá a mọ̀ padà. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ Òkè-Ògùn ni, pé aránṣọ ni kí ó tó kúrò nílé, àti pé ara ìwé ọkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí ó ti di ọmọ Ìlú Ọba, ni ìwé ìgbélùú tirẹ̀ so mọ́. Òfin ibẹ̀ ní bí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ bá dàrú nítorí pé ọkọ ń fi ìyà jẹ aya, aya náà lè bèèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa gbé ìlú náà lọ, láìfara ti ọkọ mọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ni olórí ẹ̀rí tí púpọ̀ nínú wọn ní.

Wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì ti dá ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nù. Mo ka ìwé tí wọ́n fi dá a nù. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ kò le yé. Níbì kan, obìnrin yìí ní àwọn kan, púpọ̀, ni ó lu òun. Níbòmíràn, ó ní òun àti ọkọ òun nìkan ni ó ń gbé inú ilé. Nígbà tí wọ́n bi í pé àwọn mélòó ni ó lù ú, èsì tí ògbufọ̀ fún wọn ni pé àwọn nìkan ni. Àwọn wo? Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Wọ́n parí rẹ̀ sí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta kora, nítorí náà kò ṣeé gbà gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wọ́. Ohun tí obìnrin náà wí ni pé, ‘Wọ́n nà mí.’ Ọkọ rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá tí ó bí i kọ́ ọ pé a kì í pe ọkọ ẹni ní ‘ó’. Ọwọ́ tí ń gbá a létí, ó ń bọ̀wọ̀ fún un síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì bi í pé àwọn mélòó ni, ó dáhùn pé, ‘Àwọn nìkan náà ni,’ èyí tí àwa mọ̀ sí pé ọkọ náà nìkan ni, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré yìí, ‘wọ́n’, iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe lẹ́nu wa. Ó ń dúró fún ènìyàn púpọ̀. Ó ń dúró fún ẹyọ ẹnìkan tí a bọ̀wọ̀ fún. Ó sì tún ń dúró fún ẹni tí a kò mọ̀ tàbí tí a kò fẹ́ dárúkọ, bí a bá ní ‘wọ́n bí mi ní Ṣakí’ tàbí ‘wọ́n jí i lówó’. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ yunifásítì ní èyí. Mo ti fi ṣe ìdánwò, mo ti gé máàkì ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Lójú pátákó, àpẹẹrẹ gírámà ni. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ onísílébù kan lè gbé ènìyàn sínú ọkọ̀ òfuurufú padà sí ibi tí ó ti sá wá.

Kí ẹ má baà rò pé mo ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé ògbufọ̀ tí ó ṣáájú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní mi níbẹ̀, mo túmọ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń sọ bí ẹni tí ó ń gbà á sílé ṣe lé e jáde. Ó ní, ‘Ó ní kí n má wá mọ́.’ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó dọ́gba fún ‘ó’ yìí. Ó di dandan kí o yan ọkùnrin tàbí obìnrin. Mo yan ọkùnrin láìbi í. Obìnrin ni. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí lọ́yà tó ṣàkíyèsí pé onílé tí ó jẹ́ ọkùnrin lójú ìwé kejì ti di obìnrin lójú ìwé karùn-ún. Nígbà tí mo bi ọmọ náà bóyá òun kò gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ó ní, ‘Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ọ̀mọ̀wé.’ Bí àṣìṣe náà bá ti kọjá báyìí ni, ohun tí wọ́n ìbá fi pè é ní òpùrọ́ nìyẹn, èmi ni mo sì fi í lé wọn lọ́wọ́.

Irú rẹ̀ pọ̀. Ẹnìkan sọ fún wọn pé bàbá òun ti kú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ní bàbá òun ni ó san owó ọkọ̀ òun. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni. Ta ni nínú wa tí yóò la ojú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí yóò pè é ní ohun mìíràn yàtọ̀ sí bàbá? ‘Àbúrò mi’ lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ ọmọ ìyá ẹni, ó lè jẹ́ ará àdúgbò. Ti ọjọ́ kíkà ni ó tilẹ̀ burú jù. Ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún, a ka ọjọ́ òní mọ́ ọn kí ó tó pé márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́rin ni Òyìnbó yóò kà. Ìdúnta tí a ń wí, ẹ̀ta ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún méjì sẹ́yìn ni lójú tiwọn. Bí ẹnìkan bá sì ní ‘ó tó ọjọ́ mẹ́ta’, ó lè jẹ́ ọdún kan gbáko ni ó ń wí. Kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo èyí. Èdè kan ni ó ń ka ayé bí ó ṣe ń kà á. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń fi ọjọ́ àti iye orí wọn òtítọ́ ènìyàn, àwọn tí ó bá sọ Yorùbá dáadáa jù ni ọ̀rọ̀ wọn ń jọ irọ́ jù.

Ṣùgbọ́n ìjà tí mo ní í jà, kì í ṣe Òyìnbó ni mo fẹ́ bá jà á. Bí ẹjọ́ ìgbélùú bá dé iwájú adájọ́ ní Ìlú Ọba, wọn a máa pèsè ògbufọ̀ láìgba owó, bí ẹlẹ́jọ́ bá ti sọ èdè tí ó fẹ́. Mo bi obìnrin náà pé kí ló dé tí ògbufọ̀ tirẹ̀ fi jẹ́ ẹnìkan tí ó sáré wá gbà á lálejò lójijì. Ó ní nígbà tí òun lọ kọ́kọ́ kọ ìwé, ọmọ Yorùbá kan tí ó bá òun kọ ọ́ dé ibi tí wọ́n ti ní kí a kọ èdè ẹni, ó sì kọ Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà sọ pé, ‘Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rò pé a ò kàwé ni?’

Ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ bá jà. N kò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Mo bá a pàdé níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí kan ní Peckham, nínú agbádá aṣọ òkè, ìṣirò owó ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí mo ń ṣe, ojú rẹ̀ le. Ó ní Nàìjíríà jẹ́ orílẹ̀-èdè tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, pé bí a bá ń bèèrè ògbufọ̀ káàkiri, a ń sọ ara wa di ará oko lójú àwọn tí ó gbà wá síṣẹ́. Ó ní Yorùbá dára, kí a máa fi kọrin, kí a máa fi kí ọba, kí a sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ gbogbo èyí fún mi ní Yorùbá tí ó já gaara.

Ẹ wo ìwà ìkà tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Gẹ̀ẹ́sì tí ènìyàn fi ń ra búrẹ́dì kọ́ ni a fi ń rojọ́. Obìnrin Òkè-Ògùn yẹn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi wọ bọ́ọ̀sì, yóò fi kí ará ilé kejì, yóò fi sọ iye tí òun yóò gbà lórí ìdí aṣọ. Ṣùgbọ́n láti sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ fi ṣe é ní òru, ìyàrá wo ni ó wà, kí ni ó sọ kí ó tó ṣe é, kí ni òun náà wí, ta ni ènìyàn tí yóò fi èdè àyálò sọ bẹ́ẹ̀ fún àjèjì tí ń kọ ọ́ sílẹ̀? Ìtìjú ọlọ́lá ni a fi bo ẹnu tálákà. Ọkùnrin alágbádá náà kò ní í dé iwájú adájọ́ ìgbélùú láé. Ìwé rẹ̀ ti pé. Orúkọ rere tí ó ń ṣọ́, ẹlòmíràn ni ó ń san owó rẹ̀.

Àwa náà tí a wà nílé, kí a má rò pé a mọ́. Ilé ni a ti kó ìtìjú yìí lọ. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36, fún ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹ dé àwọn kóòtù wa kí ẹ wo ẹni tí ń túmọ̀: akọ̀wé kóòtù tí ó wà nítòsí ni, ẹni tí a kò kọ́ ní iṣẹ́ náà rí, tí ń gé gbólóhùn mẹ́wàá ẹlẹ́jọ́ kúrú sí ẹyọ kan. Abala 55 nínú ìwé òfin kan náà gba àwọn aṣòfin Àbújá láàyè láti lo Hausa, Ìgbò àti Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, bí ètò bá ti wà fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e. Fáfúnwá àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti fi iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ìjọba tirẹ̀ ti sọ fún pé èdè ìyá rẹ̀ kò wúlò nínú kíláàsì, ṣé òun ni yóò wá bèèrè rẹ̀ ní kóòtù Lọ́ńdọ̀nù?

Àwa olùkọ́ Yorùbá ńkọ́? Àwa ni ẹjọ́ wa pọ̀ jù. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bi wá pé kí ni àwọn yóò fi oyè Yorùbá ṣe, a sì ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ ṣe olùkọ́ tàbí kí wọ́n lọ ka ìròyìn lórí rédíò. A ń kọ́ wọn ní oríkì àti ẹ̀sà, mo sì fẹ́ràn méjèèjì dọ́ba. Ní ẹ̀ka tèmi, kò sí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ń kọ́ni bí a ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo kọ ìlànà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo dé, mo sì gbé e fún ìgbìmọ̀. Wọ́n dá a padà pé kò jinlẹ̀ tó.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n kó kúrò nílé tipátipá wà lára olórí àwọn tí ó bá wa sọ èdè yìí di kíkọ sílẹ̀. Wọ́n mú Àjàyí Crowther ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Òyìnbó tí ń gbógun ti òwò ẹrú gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822, ó sì bá ara rẹ̀ ní Freetown, láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó pinnu láti lọ síbẹ̀. Láti inú ìgbé ayé àtìpó yẹn ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1843 ti wá. Ìjìnlẹ̀ tí ìgbìmọ̀ wa ń wá, ibẹ̀ ni ó ti wá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, ta ni ó ní kí wọ́n lọ? Kí wọ́n padà wálé. Obìnrin ará Gánà kan ni olórí ọ́fíìsì wa, ó sì bi mí lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ẹ̀rín, bóyá mo rántí ọdún 1983. Mo rántí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde. Mo rí wọn ní etí títì Badagry pẹ̀lú àpò tí a ṣì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní, àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní ìṣirò wà nínú wọn. Èmi náà rán an létí oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà, tí bàbá mi fi ti Kùmásì dé pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo. (Àbúrò bàbá mi ni o, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ mi ta kora.) A jọ rẹ́rìn-ín, a sì padà sídìí iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ní ìbátan ní Ẹ̀jìgbò, tí ó mọ iye ilé tí owó Àbíjáǹ kọ́ níbẹ̀, kò ní í fi ‘ta ni ó ní kí wọ́n lọ’ ṣe àríyànjiyàn.

Lọ́yà wa pinnu láti gba ọ̀rọ̀ obìnrin Òkè-Ògùn náà lẹ́nu rẹ̀ lákọ̀tun. Ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí méjì-méjì. Èmi náà kọ ojú ìwé méjì lórí ‘wọ́n’, mo sì fi oyè mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gba oyè náà, n kò rántí ọjọ́ tí ó wúlò bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti padà sílé nígbà tí èsì dé, lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n gbà á.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta tí a ń gba ọ̀rọ̀ náà ni n kò lè gbàgbé. Gbogbo ibi tí ‘wọ́n’ bá ti wà ni mo ń dúró, tí mo ń bi í pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ta ni “wọ́n” níbí yìí?’ Ó ń dáhùn, lọ́yà ń kọ ọ́. Nígbà tí a bọ́ sí ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le jù, ‘wọ́n’ pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí lọ́yà fi gbé kálàmù sílẹ̀. Mo bẹ obìnrin náà pé bí kò bá ní í bí i nínú, kí ó fi ‘ó’ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan yìí. Ó wò mí. Ó ní, ‘Ó…’ Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wo ẹ̀yìn bí ẹni pé ìyá rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà. A dúró. Mo gbọ́ aago ara ògiri. Nígbà tí ó yá, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ sórí itan, ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀ láìfi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀, ó sì ní, ‘Òun ni. Òun ni ó nà mí.’ Lọ́yà bèèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ó wí. Mo sọ fún un, ó sì kọ ọ́.